Páwà sọ́pláì orí tábìlì tí owó rẹ̀ kò gunni: bí tèmi ṣe ń ṣe sí

Kò sí ohun tó ń súni bíi kí èèyàn máa to bátìrì jọ nítorí pé sákíìtì kan ń fẹ́ fóltì 5, òmíràn ń fẹ́ 12. Ìyẹn ló sún mi ra páwà sọ́pláì kékeré kan tó ń gbé fóltì 0 sí 30 jáde, tí áńpù rẹ̀ kò ju 5 lọ. Oní-switching ni (ó ń tan iná, ó sì ń pa á léraléra kíákíá nínú láti fi ṣe fóltì), kò ní tiránsífọ́mà ràgàjì nínú, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́ tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n.

Bó bá jẹ́ fóltì nìkan ni mò ń wá, páwà sọ́pláì kọ̀ǹpútà àtijọ́ ì bá tó mi. Ó ní 3.3, 5 àti 12 nínú. Ẹ so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú, ó ti tàn nìyẹn. Àmọ́ bí wáyà bá ṣèèṣì kan ara wọn níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fóltì 12 lè tú ogún áńpù síta kó tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Wáyà tín-ín-rín á ti yọ́. Ààlà áńpù gan-an ni mo sanwó fún. Màá yí fóltì wálẹ̀, màá fi ẹnu wáyà méjèèjì kanra, màá fi ààlà sí áńpù 0.1, kí n tó so sákíìtì tuntun mọ́ ọn. Bí àṣìṣe bá wà níbì kan, fóltì á já wálẹ̀, iná CC (èyí tó ń fi hàn pé áńpù ti dé ààlà tí mo fi sí i) á tàn, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì ní sí ohun tó máa jóná. Lọ́pọ̀ ìgbà ni mo wí o! Kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu àbájáde ti kó agbára pamọ́, òun ló sì ń kọ́kọ́ tú tirẹ̀ dà sílẹ̀ kí ààlà tó dé. Ẹ má so LED (iná kékeré) tí kò ní rísítọ̀ tó ń dín áńpù kù mọ́ fóltì 30 kí ẹ wá gbọ́kàn lé CC.

Wáyà tó bá a wá kò dáa rárá. Ní áńpù 2, ojú ẹ̀rọ ń kọ 12, mítà mi sì ń ka 11.4 létí bọ́ọ̀dù. Wáyà tó nípọn ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ náà kò ka ohun tó kéré sí áńpù 0.01, nítorí náà mítà ṣì ni ti sákíìtì tó ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀. Fáànù ń pariwo, ṣùgbọ́n ó ṣe é mú mọ́ra.

Ó ní bọ́tìnnì tó ń tan àbájáde, tó sì ń pa á. Ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú kò ní in. Bí kò bá sí, ẹ tan ẹ̀rọ náà ná, kó fìdí múlẹ̀, kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ọn, torí àwọn kan máa ń ta fóltì sókè lójijì bí wọ́n ṣe ń tàn.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni ẹ́ńpílífáyà: ó ń dún ṣìì ṣáá nígbà tí mo so ó mọ́ páwà sọ́pláì yìí. Mo fi LM317 (ohun kékeré tó ń mú fóltì dúró sójú kan) sáàárín, mo gbé fóltì tó ń wọlé ju èyí tí mo fẹ́ lọ ní bíi 3. Ariwo náà dín kù, kò tán. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ rédíò àti ohùn, ẹ wá oní-tiránsífọ́mà, kódà bó jẹ́ àlòkù, kí ẹ sì fara da ìwúwo àti ooru rẹ̀. Fún Arduino (bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ ètò sí) àti mọ́tò kéékèèké tí mo ń ṣe, eléyìí tó mi.