Ẹ ṣọ́ra fún ilé oúnjẹ etí odò tí kì í kọ iye owó ẹja sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó tábìlì etí odò fún ayẹyẹ yín. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí i, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn tún wá bá mi níbẹ̀.

Ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó pé ọmọ ọdún 50, àwa mẹ́fà la sì jọ lọ jẹun. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ilé oúnjẹ náà, irú èyí tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bíi erékùṣù ilẹ̀ olóoru: imọ̀ ọ̀pẹ lórí òrùlé, ọparun lára ògiri, èèpo àgbọn tí wọ́n fi ṣe ife, àti pèpéle onípákó tó yọ jáde sórí omi, tí iná kéékèèké so rọ̀ lókè rẹ̀. Mi ò ní purọ́, bó ṣe rẹwà nínú àwòrán ló rẹwà lójú. Afẹ́fẹ́ odò ń fẹ́ lẹ́lẹ́, omi ń gbá pákó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹwà yẹn ni wọ́n ń tà, òun náà sì ni wọ́n fi ń mú èèyàn.

Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ owó náà ṣì wà lọ́dọ̀ báńkì mi. Ohun tó jẹ mí lógún ni kí ẹ mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń lò, nítorí kì í ṣe ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ló ń lò ó.

Owó àsansílẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní tábìlì inú ilé ò lówó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jókòó sétí omi yóò san nǹkan sílẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo kọ̀wé sí wọn pé ṣé wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú owó oúnjẹ. Wọ́n fèsì pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣèyọnu." Mo san ti èèyàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a jẹun tán, ọ̀gá ibẹ̀ ní owó ìjókòó nìyẹn, pé kò kan oúnjẹ rárá. Mo gbé fóònù sókè, mo fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ hàn án. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹja gan-an ni olórí ọ̀rọ̀.

Wọn ò fún wa ní ìwé oúnjẹ. QR code ni wọ́n lẹ̀ mọ́ tábìlì, pé ká fi fóònù wò ó. Gbogbo ohun mímu ló ní iye tirẹ̀ níwájú. Iwájú ẹja nìkan ni wọ́n kọ "iye ti òní" sí. Mo bi ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa pé èló ni. Kò dá mi lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó sì gbé àwo yìnyín kan jáde pẹ̀lú ẹja mẹ́ta lórí rẹ̀. Ó nawọ́ sí odò, ó ní, "Ọ̀gá, àárọ̀ yìí ló jáde nínú omi." Ojú ẹja náà mọ́ gaara, ìpẹ́ rẹ̀ pọ́n, ìrù èyí tó tóbi jù sì ya létí bí aṣọ tí ìṣó fà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò rẹ̀. Red snapper ni ọmọkùnrin náà pè é. Ẹja òkun ni red snapper o! Kì í gbé inú odò. Ibẹ̀ yẹn ló ti yẹ kí n dìde.

Ó ní, "Èyí tó tóbi yìí á tó gbogbo yín." Mo tún bèèrè iye rẹ̀. Ó dá iye kan, iye náà ò gani lára, mo bá ní kí wọ́n lọ sè é. Ohun tí kò là mọ́lẹ̀ ni pé owó gíráàmù 100 ni iye tó dá yẹn. Nígbà tí bíìlì dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹja náà wọn kílò 2.4. Ẹ ṣírò rẹ̀: iye tó sọ fún mi, lọ́nà 24. Owó ẹja kan ṣoṣo ju owó gbogbo ohun yòókù tí àwa mẹ́fà jẹ tí a sì mu.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kílò tí wọ́n ń kà yẹn, ti odindi ẹja tútù ni, tìfun tìpẹ́, torí teegun. Ẹran tó máa kù tí ẹnu yóò jẹ kì í sábà ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Èyí nìkan kì í ṣe jìbìtì. Àwọn olóòótọ́ náà máa ń ta ẹja lórí òṣùwọ̀n, àmọ́ wọ́n á wọ̀n ọ́n lójú yín, wọ́n á sọ àpapọ̀ owó rẹ̀, ẹ ó sì gbà kí wọ́n tó gbé e kaná.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹja tí a san owó rẹ̀ kọ́ la jẹ. Èyí tí wọ́n gbé wá, wọ́n ti da ọbẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó yí i ká. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ fura. Ó fi ṣíbí ha ọbẹ̀ kúrò lára ìrù, ó gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìrù inú fọ́tò ya. Ìrù inú àwo gún régé. Ẹja mìíràn ni, ó sì kéré sí tàkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá. Wọ́n ní inú ilé ìdáná ló wà, àlejò ò sì lè wọ ibẹ̀.

Ìgbà tí mo délé ni mo wá kà nípa iṣẹ́ tí Oceana ṣe, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo òkun. Láàrin 2010 sí 2012, wọ́n ra ẹja 1,215 ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà 674 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì yẹ DNA wọn wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2013 fi hàn pé ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú 120 tí wọ́n tà fún wọn ní red snapper, 7 péré ló jẹ́ red snapper lóòótọ́. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n fún wa jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn títí di òní.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pariwo. Ìtìjú ni. Bí mo ṣe gbé ohùn sókè, ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ. Má jẹ́ kí wọ́n ba ọjọ́ òní jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Orí ohun tí wọ́n gbé gbogbo òwò wọn kà nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá wá jókòó sétí odò, ayẹyẹ ló bá wá. Àna rẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí ọ̀gá rẹ̀, tàbí ẹni tó ń fẹ́ sọ́nà. Kò ní fẹ́ máa ṣírò owó ẹja lójú wọn. Wọ́n tún dúró kí ilẹ̀ ṣú pátápátá kí wọ́n tó gbé bíìlì wá. Iná fóònù ni mo fi kà á. Owó sáfíìsì ti wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá fún káàdì tún ń bi mí pé èló ni mo fẹ́ fi dá òṣìṣẹ́ lọ́lá.

Mi ò ní ẹ má jẹun létí odò mọ́ o. Ṣùgbọ́n tí iye owó ẹja ò bá sí lákọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: "Odindi ẹja yìí, tí ẹ bá sè é tán, èló ni gbogbo rẹ̀?" Iye kílò kan kọ́, iye "bí wọ́n ṣe ń tà á" kọ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì, ẹ jẹ nǹkan mìíràn. Ẹ ya fọ́tò ẹja náà lórí òṣùwọ̀n, kí nọ́ńbà hàn. Ẹ tún ya àwòrán ojú fóònù yín nígbà tí ẹ bá ń wo iye oúnjẹ, torí ohun tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè yí i padà kí ẹ tó pe bíìlì. Kí ẹ tó fi fóònù wo QR code, ẹ fi èékánná họ etí rẹ̀ wò bóyá ẹnì kan ti lẹ òmíràn bò ó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń pààrọ̀ rẹ̀ káàkiri, kí owó àwọn èèyàn lè wọ àpò wọn.

Owó àsansílẹ̀, káàdì ni kí ẹ fi san. Ẹ má fi ránṣẹ́ sínú àkáùǹtì ẹnikẹ́ni. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí àkáùǹtì ṣòroó gbà padà, ṣùgbọ́n Visa àti Mastercard ní ọ̀nà tí báńkì yín lè gbà takò owó tí kò tọ́, ọjọ́ 120 ni wọ́n sì sábà máa ń fi sílẹ̀ fún un. Báńkì yín lè ní kí ẹ tètè wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má jókòó tì í. Báńkì mi ti bá mi gba owó àsansílẹ̀ padà, nítorí mo ní èsì ilé oúnjẹ náà lọ́wọ́. Owó ẹja ni wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò. Fọ́tò ìrù méjèèjì wà lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ mi ò ní fọ́tò òṣùwọ̀n, ohun tí wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ mi ṣáá nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìpolówó kan já lu fóònù mi. Orúkọ mìíràn, pèpéle kan náà, àwo yìnyín kan náà. Mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kò tíì kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ wo apá òsì àwòrán náà nísàlẹ̀ dáadáa: pákó kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ, èyí tí wọ́n fi rọ́pò ògbólógbòó tó ti jẹrà. Abẹ́ àga mi gan-an ni pákó yẹn wà.