Hypothesis: etí ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo kíláàsì

Odindi sáà kan ni mo fi lo Hypothesis, irinṣẹ́ orí ayélujára tí èèyàn fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ń kà, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 38 tí mò ń kọ́ ní iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì. Ọ̀fẹ́ ni mo gbà á. Ẹ ó fi kún Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún kíláàsì yín, ó parí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka àpilẹ̀kọ, á yan gbólóhùn tó rú u lójú, á kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn á sì dá a lóhùn níbẹ̀ gan-an.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá bi wọ́n pé ṣé ó yé yín, “Ó yé wa, mà” ni wọ́n máa ń wí. Ìdánwò ló máa ń tú àṣírí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ń ka àpilẹ̀kọ kan lórí p-value, nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń yẹ èsì ìwádìí wò, bí irú ìwádìí lórí oògùn kan. Mo ṣí i lálẹ́ tó ṣáájú kíláàsì, mo bá èèyàn 11 lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹnì kan bèèrè pé, ṣé p-value tó kéré túmọ̀ sí pé oògùn náà lágbára ni? Ọmọ kan tí kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì fèsì pé rárá, pé bó ṣe lágbára tó kọ́ nìyẹn ń wí. Ohun tó ń wí ni pé ká ní oògùn náà ò ṣe nǹkan kan, irú èsì yìí ì bá ṣọ̀wọ́n. Inú mi dùn débi pé mo pa ohun tí mo ti múra sílẹ̀ tì, orí ìlà yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má fi iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ fún wọn ní máàkì o. Mo ṣe é níbẹ̀rẹ̀, márùn-ún-márùn-ún ni mo ní kí kálukú kọ, “mo gbà” àti “ó dára” ló kún ibẹ̀. Ìgbà tí mo yí i sí ìbéèrè kan péré tó ti ọkàn wọn wá ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ rán wọn létí kí wọ́n yan ẹgbẹ́ kíláàsì kí wọ́n tó kọ̀wé. Bí wọ́n bá fi í sí Public, gbogbo ayé ló lè kà á. PDF tó jẹ́ fọ́tò lásán kò ní jẹ́ kí wọ́n yan ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi OCR, ètò tó ń sọ àwòrán ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ tó ṣeé yàn, tún un ṣe.

Àwọn tó jẹ́ fóònù nìkan ni wọ́n ní ló ká mi lára jù, torí Chrome orí fóònù kì í gba irú àfikún yìí. Mo pín wọn ní méjì-méjì pẹ̀lú àwọn tó ní kọ̀ǹpútà, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì ń wà lábẹ́ ohun tí wọ́n bá kọ.