Inis Oírr: Ìrìn etíkun tó rọrùn, bí ẹ bá mọ apá tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà

Nínú erékùṣù Aran mẹ́ta tó wà lẹ́nu omi Galway ní Ireland, Inis Oírr ló kéré jù. Láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 3 lọ. Kí ẹ ti èbúté rìn dé ibi tí àwókù ọkọ̀ Plassy wà, kí ẹ sì gba àárín erékùṣù padà, bíi kìlómítà 6 ni. Wákàtí méjì tó o fún ẹni tí kò kánjú. Ẹni tó kó ọmọdé dání, kó ka mẹ́ta. Fún ẹni tí kò mọ́ lára láti máa rìn jìnnà, mi ò mọ èyí tí mo lè júwe tó dára jù ú lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti sábà máa ń fẹ́ wá níbẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, á máa tì yín lẹ́yìn. Nígbà àbọ̀ tó máa kọjú sí yín, inú ọ̀nà tóóró láàárín ògiri òkúta lẹ ó wà, ògiri yẹn á sì gba púpọ̀ dúró fún yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àárín erékùṣù, tó wá gba etíkun padà, á máa forí gbá atẹ́gùn létí òkun gbalasa nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ tẹ̀ lé etí iyanrìn títí ẹ ó fi rí itẹ́ òkú lórí òkè kékeré kan, nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Àárín rẹ̀ ni Teampall Chaomháin wà, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí iyanrìn ti bò yí ká débi pé ìsàlẹ̀ lèèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ sí kó tó wọlé. Àwọn ará erékùṣù ló ń kó iyanrìn kúrò nínú rẹ̀ fún ọjọ́ ìrántí ẹni mímọ́ Caomhán, ìyẹn ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà. Ibojì àwọn èèyàn wọn ló yí i ká, ẹ má gun orí ibojì nítorí fọ́tò.

Lẹ́yìn adágún Loch Mór, ọ̀nà ọlọ́dà á di òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹ ti ń sún mọ́ ọkọ̀ náà. Oṣù Kẹta ọdún 1960 ni ìjì gbé Plassy, ọkọ̀ ẹrù, kọ lu àpáta Finnis. Àwọn ará erékùṣù ta okùn sí i, wọ́n sì fà gbogbo òṣìṣẹ́ 11 tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjì mìíràn gbé ọkọ̀ ọ̀hún jù sórí ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ìjì oṣù Kínní 2014 tún sún un. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo ara rẹ̀: ìpẹtà ti jẹ irin náà dé inú, ó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, ihò tó ti lu sí i sì ní ẹnu tó mú. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gùn ún, tàbí kó jẹ́ kí ọmọdé wọ abẹ́ rẹ̀.

Ibí yìí gan-an lẹsẹ̀ ti ń yẹ èèyàn. Òkúta ẹfun ni gbogbo erékùṣù náà, òjò sì ti jẹ ẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́ títí ó fi là sí pàlàpálá tó gba ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, nígbà mìíràn dé orúnkún. Koríko máa ń bo ẹnu rẹ̀. Bó bá tún tutù, á máa yọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín tó o. Sálúbàtà kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú dé ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ní gúúsù, tí wọ́n ti ń tàn láti 1857, ìrìn rẹ̀ á tó kìlómítà 8 tàbí 9. Lójú tèmi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀.

Nígbà àbọ̀, ẹ gba ti O'Brien's Castle, ilé ìṣọ́ ọ̀rúndún kẹrìnlá tí wọ́n kọ́ sínú odi òkúta tó dàgbà jù ú lọ. Òkè tẹ́ ẹ máa gùn kò gùn, àmọ́ ó ga díẹ̀. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti rí èbúté lábẹ́ yín, àti Cliffs of Moher, àwọn àpáta gíga tó dúró bí ògiri létí òkun, ní òdìkejì omi bí kùrukùru kò bá sí. Ẹ má ṣe fo ògiri ọ̀nà kí ẹ lè dé kíákíá. Wọn ò fi sìmẹ́ǹtì tàbí amọ̀ mọ ọ́n, òkúta lórí òkúta lásán ni. Ẹyọ kan tó bá yẹ̀ lè fa ìyókù wá sí yín lẹ́sẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ ojú omi, èbúté méjì lẹ lè ti wọ̀ ọ́ wá: ti Ros a' Mhíl ń ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọdún, ti Doolin sì máa ń dáwọ́ dúró nígbà òtútù. Doolin yá jù. Àmọ́ ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì yín wò dáadáa: èyí tó bá fi wíwo Cliffs of Moher láti orí omi kún un máa ń dín àkókò yín lórí erékùṣù kù. Bí kò bá fún yín ní wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, ẹ ra èyí tó jẹ́ àlọ àti àbọ̀ nìkan. Ẹ ra omi àti ìpápánu nítòsí èbúté kí ẹ tó gbéra, ẹ sì lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, nítorí ní ìhà Plassy kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan.