Ẹ̀rọ Amúlétutù tí Mo Rà ní Sábó, Ìkòròdú: Bí ₦485,000 Ṣe Di ₦720,000

Iye tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ amúlétutù tí mo rà ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ₦485,000. Kí afẹ́fẹ́ tútù tó fẹ́ sí mi lára nínú yàrá mi, ₦720,000 ti jáde lápò mi. N kò sọ pé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á rẹ́ mi jẹ, nítorí wọn kò rẹ́ mi jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí ní Ìkòròdú yẹ kó mọ ibi tí ₦235,000 yẹn gbà lọ, kó sì mọ èyí tí ó tọ́ kí ẹni tó ń tajà ti sọ fún un kó tó sanwó.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé ní ọ̀nà Ìgbógbó, fèrèsé yàrá mi sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Láti agogo mẹ́ta ọ̀sán ni oòrùn ti máa ń na ògiri náà, tí páànù orí ilé á sì gba ooru pamọ́ di òru. Fáànù kàn ń pín ooru náà káàkiri ni. Ohun tó mú mi pinnu gan-an ni ọjọ́ Orò kan tí àwa obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, tí mo ti gbogbo fèrèsé pa láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà ìlú wa, n kò sì ráhùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ń lọ sí Èkó ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, kò jìnnà sí Sábó. Fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ló kún iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n to àwọn ẹ̀rọ amúlétutù sí. HP 1 ni mo ní lọ́kàn láti rà (HP ni wọ́n fi ń pe bí agbára ẹ̀rọ ṣe tó), nítorí òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn kò tilẹ̀ dárúkọ iye kankan. Ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Màmá, ẹ má bínú, báwo ni yàrá yín ṣe fẹ̀ tó? Ṣé ìsàlẹ̀ ni tàbí òkè? Ṣé oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń kàn án?" Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ bàtà 14 ní gígùn, 12 ní ìbú ni, àti pé páànù ló wà lókè àjà wa, ó mi orí, ó ní, "HP 1 á ṣe é fún yín lóru, Màmá, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, ńṣe ni á máa sáré láìsinmi."

Mo fẹ́ràn ìyẹn, nítorí ó fi hàn pé ó mọ ohun tó ń tà. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru inú yàrá ló ń kó, tó ń gbé e gba inú páìpù, tó sì ń dà á síta. BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru tí ó lè kó láàárín wákàtí kan: HP 1 máa ń kó nǹkan bíi 9,000, HP 1.5 máa ń kó nǹkan bíi 12,000. Èyí tó bá kéré ju yàrá lọ kò ní í sinmi, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í borí ooru. Èyí tó bá sì tóbi jù náà ní ìyọnu tirẹ̀: á mú yàrá tutù kíákíá, á sì dúró kó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tán, òtútù á wá mú ènìyàn, ara rẹ̀ á sì tún máa lẹ̀. Ní ìlú tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi tiwa, ọ̀rinrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí ènìyàn ń bá jà. HP 1.5 ni mo mú.

Ibi tí àlàyé ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún ti wúlò fún mi ni orí ọ̀rọ̀ "inverter". Ní àdúgbò wa, bí ẹnikẹ́ni bá pe inverter, bátìrì tó ń gbé iná dúró nígbà tí iná ìjọba bá lọ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, èmi náà sì ti ń rò pé ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí ni pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ń ti gáàsì tó ń gbé ooru káàkiri inú páìpù, lè dín eré kù. Ti ẹ̀rọ lásán, bó bá ti tàn, eré àsápajúdé ló ń sá títí yàrá á fi tutù, á wá kú, á tún tàn. Èyí tó jẹ́ inverter, bí yàrá bá ti tutù tán, ńṣe ni á máa rìn jẹ́jẹ́, iná tó ń fà á sì dín kù gidigidi. ₦395,000 ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ lásán tó jẹ́ HP 1.5 kan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦90,000.

Mo ti ṣe ìṣirò owó yẹn láti ìgbà náà. Ìpele A ni àdúgbò wa wà, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó iná, gbé owó ìpele náà dé ₦225 fún yúníìtì kan. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ó wá sí ₦206.80, ó sì di ₦209.50 ní oṣù Keje. Bí a bá fi owó orí ọjà 7.5% kún un, nǹkan bíi ₦225 náà ni yúníìtì kan tún padà dì. Yúníìtì mẹ́rin ni mítà mi máa ń ká sórí ẹ̀rọ náà bí mo bá tàn án fún wákàtí mẹ́jọ lóru. Àbúrò mi obìnrin ní Ìjẹ̀dẹ́ ní ẹ̀rọ lásán tó jẹ́ HP 1.5 nínú yàrá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tèmi, tirẹ̀ sì ń jẹ tó yúníìtì méje. Ìyàtọ̀ yúníìtì mẹ́ta lóru kan jẹ́ ₦675, ó sì lé ní ₦20,000 lóṣù, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní í tó oṣù márùn-ún tí ₦90,000 yẹn á fi padà wọlé fún ẹni tó bá ń tan tirẹ̀ lálaalẹ́. Ẹni tí kò bá ń rí iná ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́ kò nílò láti san án. (Àbúrò mi fẹ́ràn láti máa rán wa létí pé etí ibùdó amúnáwá Ẹ̀gbìn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320, ni òun ń gbé, síbẹ̀ òun náà ń ka yúníìtì bí ẹni ń ka eyín ọmọ.)

Wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ sí ọjà Alábà. Mo béèrè níbẹ̀ nípasẹ̀ ẹnìkan, ó sì dín ní ₦25,000. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Ìkòròdú á jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹ̀rọ náà bá sì bàjẹ́, ta ni á tún gbé e padà lọ?

Títí dé ibí yìí, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ náà kọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ìwé rìsíìtì sọ pé ọ̀fẹ́ ni páìpù àti irin tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ sára ògiri, pé ₦35,000 sì ni owó iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé e wálé gba ₦4,000, nítorí ẹni tó bá ra méjì ni wọ́n ń gbé e dé ilé fún lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọkùnrin méjì ló wá pẹ̀lú àkàbà. Wọ́n tú páálí, páìpù inú rẹ̀ sì jẹ́ mítà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n onílé wa ti sọ pé òun kò fẹ́ rí ohunkóhun ní iwájú ilé, pé ẹ̀yìn ni kí apá ti ìta, èyí tó ń da ooru síta, wà, ìyẹn sì jẹ́ mítà márùn-ún sí ibi tí apá ti inú máa wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó béèrè oòrùn ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi kò béèrè èyí. Ìbéèrè kan péré ni ìbá jẹ́, ìbá sì ti gbà mí lọ́wọ́ ìyọnu ọjọ́ méjì.

Wọ́n ní àwọn yóò jó páìpù mìíràn mọ́ ọn. N kò gbà, nítorí ojú ibi tí wọ́n bá ti so páìpù ni gáàsì ti sábà máa ń jò, mo sì ti fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ wò: funfun ló wà lábẹ́ àwọ̀ pupa rẹ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Mo ra ojúlówó páìpù bàbà mítà márùn-ún ní ₦9,500 fún mítà kan, ó sì di ₦47,500.

Èyí tó bí mi nínú jù lọ kò la owó lọ. Nígbà tí wọ́n so páìpù tán, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ṣí gáàsì díẹ̀ kó lè fi tì afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Mo ní kó dúró. Ó ní, "Màmá, bí a ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyí." Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo gáàsì R22, èyí tí àdéhùn Montreal ọdún 1987 mú kí ayé máa pa tì nítorí pé ó ń ba ìpele ózóònù jẹ́. R32 ló wà lára tèmi. Wọ́n ti wọn gáàsì náà ní ìwọ̀n tó yẹ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, nítorí náà èyí tí wọ́n bá dà síta ti dín nínú ti ẹ̀rọ. Ó tún lè gbiná bí ó bá pàdé iná níbi tó ti pọ̀. Omi inú afẹ́fẹ́ tó bá sì ṣẹ́kù sínú páìpù á dàpọ̀ mọ́ òróró kọ̀mpírẹ́sọ̀, á sì máa ba á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó gbé e kọ́ kò ní í sí nítòsí mọ́ nígbà tó bá kú. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin yẹn jáde, fákúọ̀mù ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, àwọn méjèèjì kò sì gbé e wá.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù náà. Wọn kò bá mi jiyàn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba kọ́bọ̀ lé e. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ gbé fákúọ̀mù wá, ó tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti í, ó sì dúró wo ojú ìwọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ṣí gáàsì sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa, àwọn ọmọ yẹn ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni." Èsì tó dára ni, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ ara ògiri mi ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?

Owó tó kù kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n ti mẹ́nu bà á. Ẹni tó ń ṣe iná fún wa fa wáyà 4 mm láti ibi mítà wá sí yàrá, ó fún un ní bírékà 20 A tirẹ̀, nítorí wáyà tó ń gbé gílóòbù àti fáànù kò lè gbé ẹ̀rọ yìí láìgbóná. ₦46,500 ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ó tún ní kí n ra sitabiláísà, ẹ̀rọ tó ń mú kí agbára iná dúró déédéé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ti sọ pé kò pọn dandan, pé ẹ̀rọ náà lè tàn bí iná bá lọ sílẹ̀. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́, fólítì 165 ni mítà máa ń kà níbi tó yẹ kó ti jẹ́ nǹkan bíi 230. Oníná wa ní ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀rọ tàn, ọ̀tọ̀ ni kó pẹ́ láyé. Tirẹ̀ ni mo gbà, mo sì san ₦62,000. Ó lè jẹ́ pé mo fi owó ṣòfò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń sùn.

Alájórin gba ₦40,000 fún àgò irin tí a fi ti apá ti ìta mọ́ ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà tú u gbé lọ lóru. Rọ́bà tó ń da omi jáde ni wọ́n gbé kọ́ láìtẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ dáadáa, omi sì ń kán sórí okùn aṣọ ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ títí tí a fi fà á dé gọ́tà. Mo bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì tán.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Orí 24 ni mo máa ń gbé e sí. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ sí 16 kò ní í tètè rí òtútù ju tèmi lọ, iná ni á kàn máa jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń yọ àsẹ́ rẹ̀ fọ̀, nítorí eruku ọ̀nà wa àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù náà pè mí fún fífọ̀ ẹ̀rọ náà tinú-tòde ní ₦12,000, mo sì sọ fún wọn pé àyàfi bó bá jẹ́ ọkùnrin onífákúọ̀mù yẹn ló ń bọ̀. Òun náà ni wọ́n rán.

Ọ̀dọ̀ wọn náà ni n óò ti ra ti yàrá àwọn ọmọ. Mo ti wọn ògiri rẹ̀ báyìí: mítà mẹ́rin ni láti inú dé ẹ̀yìn ilé. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé, ìwé náà ni n óò sì kọ́kọ́ fi lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ti oòrùn.