KSM lórí Proxmox VE: èrè RAM, àti ohun tí CPU ń san lé e

Tí RAM sáfà yín bá ń kún nígbà tí CPU kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ tó lè ṣe, KSM (Kernel Samepage Merging, ohun tó ń so àwọn apá RAM tó jọra pọ̀ di ọ̀kan) máa wúlò fún yín. Tó bá jẹ́ CPU gan-an ló ń há, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó lórí Proxmox VE, ètò tó ń jẹ́ kí sáfà kan gbé ọ̀pọ̀ VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà), ibi tí mo fàbọ̀ sí nìyẹn.

Linux ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní VM tirẹ̀, Debian kan náà sì ni gbogbo wọn ń lò, torí pé ara template kan ṣoṣo ni mo ti ń ṣe ẹ̀dà wọn. Sáfà kan ló gbé gbogbo wọn, RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 64. VM kan tún wà níbẹ̀ tó ń gbé PostgreSQL (database), inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ẹni tó bá ti na owó lórí RAM sáfà ní Computer Village ní Ìkẹjà á mọ ìdí tí mo fi fẹ́ lo èyí tí mo ní dé góńgó kí n tó ra òmíràn.

Page ni Linux pín RAM sí, page kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ báìtì 4,096. Bí VM púpọ̀ bá ń lo Debian kan náà, kernel (ọkàn Linux) kan náà ni gbogbo wọn ń kó sínú RAM, glibc kan náà, systemd kan náà. Iṣẹ́ ksmd, apá kernel tó ń ṣe KSM, ni kó máa yẹ àwọn page yìí wò. Tó bá rí méjì tí wọn ò fi báìtì kan ṣoṣo yàtọ̀ síra, á pa ọ̀kan mọ́ fún àwọn méjèèjì, á sì dá àyè èkejì padà. Ó dà bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ń ka ìwé kan pọ̀: kíkà kò dá ìjà sílẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà tirẹ̀. Kernel ló ń ṣe ẹ̀dà yẹn. VM kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àfi pé kíkọ àkọ́kọ́ yẹn á pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Carl Waldspurger ti VMware ṣàlàyé irú rẹ̀ nínú ESX, ètò VMware tó ń gbé VM, lọ́dún 2002. Ti Linux wọ kernel 2.6.32 ní oṣù Kejìlá ọdún 2009; Izik Eidus àti Andrea Arcangeli wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ kò ní fi ohunkóhun sínú VM rárá. Balloon, ọ̀nà míì láti gba RAM padà, ní tirẹ̀ nílò dráífà nínú VM, ó sì ń fi agbára gba RAM lọ́wọ́ rẹ̀. KSM kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kódà ohun tí VM kà láti orí disk tó sì tọ́jú sínú RAM rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n lè jọ pín, torí pé lójú sáfà, RAM QEMU (ètò tó ń gbé VM ṣiṣẹ́ lórí sáfà) lásán ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ má retí èrè lójú ẹsẹ̀ o. Lórí Proxmox, ksmtuned, ètò tó ń darí ksmd, kì í jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ohun tí wọ́n ń lò nínú RAM sáfà á fi kọjá ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí òdo níwájú "KSM sharing", wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè bẹ̀rẹ̀ lè fi kún KSM_THRES_COEF nínú /etc/ksmtuned.conf, 20 ló máa ń wà níbẹ̀. Nígbà tó bá tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń rọra ṣe é ni. Bí kernel ṣe wá láti ilé, page 100 ló ń yẹ̀ wò kó tó sinmi fún mílísẹ́kọ́ńdì 20, ìyẹn nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìwọ̀n yẹn, gígábáìtì 64 á gbà ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ fún ìyípo kan ṣoṣo, page tó bá sì ń yí padà láàárín ìyípo kan sí èkejì, kò ní kà á sí. ksmtuned máa ń mú un yára bí RAM bá ṣe ń há sí i. Ìgbà yẹn lẹ máa rí ksmd lókè nínú top. Bí a bá sì wà lórí inverter, CPU tí kò sinmi yẹn ń jẹ bátìrì.

Ohun tí top kò fi hàn ló tún wọ́n jù. Láti lè tètè mọ ibi tí nǹkan wà nínú RAM, kernel máa ń lo page ńlá tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 2, ọ̀kan rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú 512 nínú àwọn kékeré. Kí KSM tó lè so page kékeré kan pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fọ́ èyí tó tóbi náà. Nínú VM, tábìlì àdírẹ́sì méjì ni CPU ń gbà kọjá kó tó dé ibi tí ó ń wá, ti VM àti ti sáfà. Tí page bá kéré tí kò sì sí nínú TLB (ibi tí CPU ń tọ́jú àwọn àdírẹ́sì tó ti wá rí), ó lè lọ sínú RAM tó ìgbà 24 kó tó rí àdírẹ́sì kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ bash script kò ní mọ̀ ọ́n lára. Database máa mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé VM PostgreSQL sórí hugepages (àwọn page ńlá tí a yà sọ́tọ̀), tí KSM kì í fọwọ́ kàn. Mi ò rò pé mo pàdánù ohunkóhun: dátà rẹ̀ kò jọ ti VM kankan, ó sì ń yí padà nígbà gbogbo.

Mi ò sì ka RAM tí KSM dá padà mọ́ èyí tí mo ní. Ẹ wo ọjọ́ tí gbogbo kíláàsì bá jọ ṣe apt upgrade lẹ́ẹ̀kan náà. VM kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan tuntun, àwọn page tí wọ́n jọ ń pín á pínyà, RAM á sì tún kún kí ksmd tó rí ibi tí wọ́n ti jọra padà. Tí ẹ bá ti fi èrè yẹn dá VM míì sílẹ̀, swap (disk tí a ń lò bíi RAM) ló kàn, lẹ́yìn swap kernel á pa QEMU kan. Mo máa ń fi àyè sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní /sys/kernel/mm/ksm, ẹ fi pages_sharing (iye tó so pọ̀) wé pages_unshared (iye tó yẹ̀ wò léraléra tí kò rí ìkejì wọn). Tí èkejì bá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, CPU yín ń ṣiṣẹ́ lásán. Ìlọ́po pages_sharing pẹ̀lú 4,096 ni báìtì tí ẹ jèrè.

Ẹni tó bá ń ta VM fún àjèjì kò gbọ́dọ̀ lo KSM. Ní ìparí ọdún 2014, VMware pinnu pé àwọn VM kò ní máa pín page láàárín ara wọn mọ́ àfi tí alábòójútó bá fúnra rẹ̀ gbà á láàyè, torí ìwádìí ti fi hàn pé ẹnì kan lè wo bí kíkà page tí wọ́n jọ ń pín ṣe yá tó, kó fi wá kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí VM ẹlòmíràn ń lò. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí Vrije Universiteit ní Amsterdam fi ọ̀nà ìkọlù kan tó ń jẹ́ Flip Feng Shui hàn: wọ́n gba ara KSM àti Rowhammer (kíka ibì kan nínú RAM léraléra títí bit tó wà nítòsí rẹ̀ á fi yí padà) yí kọ́kọ́rọ́ OpenSSH padà nínú VM tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní root (àṣẹ lórí ohun gbogbo) nínú VM wọn, nítorí náà mi ò jẹ́ kí ohun àṣírí kankan wà níbi tí wọ́n ti jọ ń pín page.

Láti pa KSM, ẹ lo systemctl disable --now ksmtuned, kí ẹ wá kọ 2 sínú /sys/kernel/mm/ksm/run. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ 2 yẹn, ẹ ti VM díẹ̀ pa ná, torí gbogbo page tó so pọ̀ ló máa tú ká, RAM tó ṣẹ́ kù sì gbọ́dọ̀ gbà wọ́n.