Ọ̀pá gíláàsì tàbí jẹ́ẹ̀lì IPG: èwo ni kí ẹ rà fún máàpù purotéènì plásímà?

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwọn purotéènì inú plásímà ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì máa bá ọ̀nà méjì pàdé fún ìpele àkọ́kọ́, níbi tí iná mànàmáná ti ń ti purotéènì kọ̀ọ̀kan lọ títí yóò fi dé ibi pH tí iná kò ti lè tì í mọ́. Èkíní ni jẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín pẹ̀lú ampholyte (àwọn kẹ́míkà tó ń ṣètò pH), irú èyí tí O'Farrell gbé jáde ní 1975, tí Anderson àti Anderson sì fi ya máàpù plásímà ní 1977. Èkejì ni IPG, jẹ́ẹ̀lì gbígbẹ pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ike. SDS, ìpele kejì tó ń ya purotéènì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tóbi tó, kò yàtọ̀ fún méjèèjì.

Ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ampholyte kì í dúró sójú kan: bí iná bá ti ń pẹ́ lórí rẹ̀, ńṣe ló ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà kátóòdù (òpin òdì iná), tí pH ibẹ̀ sì ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n wíwúwo IgG (purotéènì tó ń gbógun ti àrùn) máa ń wà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fi plásímà aláìsàn wé ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Nígbà tí mo to àwọn jẹ́ẹ̀lì náà jọ, transferrin, purotéènì tó ń gbé irin nínú ẹ̀jẹ̀, ti kúrò ní àyè rẹ̀, inú mi sì dùn pé àìsàn náà ni mo rí. Kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni, mo gbé plásímà kan ṣoṣo sórí jẹ́ẹ̀lì tí mo pò ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣí bákan náà. Gbogbo iṣẹ́ oṣù mẹ́ta náà ni mo dà nù. N kò tíì ka àwọn jẹ́ẹ̀lì tó fà tàbí tó já nígbà tí mo ń tì wọ́n jáde nínú ọ̀pá.

Ní ti IPG, tí Bjellqvist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní 1982, ara jẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni wọ́n so ohun tó ń ṣètò pH mọ́, kò sì lè ṣí lọ. Àwọn àmì haptoglobin beta, purotéènì plásímà kan tí sialic acid (irú ṣúgà kan tó lẹ̀ mọ́ ọn) mú kí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kì í kúrò níbi tí mo fi wọ́n sí.

Ó wọ́n lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì. Inú fírísà ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí iná bá lọ lóru, méjèèjì ló bàjẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ra ínfátà. Kò sí èyí tó borí albumin, tó ju ìdajì purotéènì plásímà lọ. Ẹ má sì gbé yíríà (urea, kẹ́míkà tó ń tú purotéènì) tó wà nínú èyíkéyìí kọjá ìwọ̀n ooru 37, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó rí àmì èké.

Fún kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pá gíláàsì tó, kò sì burú. Fún ẹni tó fẹ́ fi jẹ́ẹ̀lì òní wé ti ọdún tó ń bọ̀, kí ó ra IPG oní-pH 4 sí 7, tàbí 3 sí 10 bí IgG bá jẹ ẹ́ lógún. Àwọn ọ̀pá mi ṣì wà; òun ni mo fi ń ro yíríà.