Old School RuneScape: igi tí a gé lánàá

Bí ọjà bá dá lọ́sàn-án ní Ìtòkù, tí mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ àdìrẹ àǹtí mi, fóònù ni mo máa ń mú jáde láti fi gé igi. Inú géèmù ni igi náà wà. Màá fi ìka kàn án, ọkùnrin kékeré tí mo ní níbẹ̀ yóò sì máa fi àáké gé e títí ẹrù rẹ̀ yóò fi kún. Màá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí báńkì inú géèmù, màá sì padà wá gé òmíràn. Ní ọjọ́ kan àǹtí mi tẹjú mọ́ fóònù náà, wọ́n sì bi mí pé, "Igi tí o gé lánàá ńkọ́?" Mo ní ó wà níbẹ̀, pé gbogbo èyí tí mo ti gé láti ọdún tó kọjá ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n sì kọjú sí oníbàárà tó ń bọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni ó ti ń lé àwọn ènìyàn kúrò nídìí géèmù yìí, tí ó sì ti ń dá àwọn mìíràn dúró síbẹ̀, láti ohun tó lé ní 20 ọdún.

Old School RuneScape ni géèmù náà ń jẹ́. Jagex, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ni ín. RuneScape àkọ́kọ́, èyí tí Andrew Gower àti àwọn arákùnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, jáde ní oṣù kìíní ọdún 2001. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ní kaféè kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ní ọdún 2007, ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé gbá níbẹ̀ ni pé orí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nípasẹ̀ Java. Kò sí pé ènìyàn ń kó ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, èyí tí oníkaféè wa kò jẹ́ gbà láyé. A ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, a ó fi apá kan rẹ̀ dúró kí ojú ewé ṣí, a ó sì fi ìyókù pa ẹja. Bí wákàtí bá pé, kọ̀ǹpútà á tì pa láìkìlọ̀. Bí a bá padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹja wa wà ní báńkì.

Ní ìparí ọdún 2007 náà ni Jagex dá ìjà láàárín àwọn òṣèré, ìyẹn àwọn tó ń gbá géèmù náà, dúró nínú igbó Wilderness, nígbà tí ọdún 2008 sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi òté lé ohun tí ẹnì kan lè fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní ìdí tó lágbára: àwọn tó ń ta góòlù inú géèmù fún owó gidi ń fi káàdì tí wọ́n jí sanwó. Síbẹ̀, ẹni tí kò jalè náà ni òfin dé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì bínú lọ. Ìdìbò ni ó dá àwọn nǹkan méjèèjì padà ní oṣù kejì ọdún 2011. Kò pẹ́ sí i, ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n tún yí ètò ìjà padà látòkè délẹ̀, wọ́n sì pè é ní Evolution of Combat. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń jà á kan ọ̀tá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun ìjà rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Nísinsìnyí ó di pé kí ó máa tẹ oríṣiríṣi bọ́tìnnì ní ìtẹ̀léra bí ẹni ń lu gángan. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún láti mọ ìjà àtijọ́ dunjú bá ara rẹ̀ ní ipò ọmọ iṣẹ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù lánàá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣọ̀wọ́n nínú òwò géèmù. Ní oṣù kejì ọdún 2013 Jagex bi àwọn ènìyàn bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ̀dà géèmù náà tí ilé-iṣẹ́ fi pamọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2007. Ohun tó lé ní 400,000 ìbò ni ó wọlé, wọ́n sì ṣí i kí oṣù náà tó parí. Àwọn kan máa ń sọ pé ìrántí ìgbà èwe lásán ni ó kó àwọn ènìyàn padà. N kò gbà. Ìrántí ìgbà èwe lè mú ènìyàn wọlé ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí ìgbà tí a lọ wo ilé ìwé wa àtijọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú un gé igi fún ọdún mẹ́wàá. Òdo ni gbogbo ẹni tó padà sínú ẹ̀dà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ti kó jọ tẹ́lẹ̀ kò bá wọn wọ inú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí àwọn bá kọ́ kò ní di ohun àtijọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe gùn tó níbẹ̀, kí ẹni tí kò gbá a rí lè mọ ohun tí a ń sọ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi igi gígé, ẹja pípa, alágbẹ̀dẹ tàbí oúnjẹ sísè, ní ìpele láti 1 dé 99. Kí ènìyàn tó dé 99, yóò kó 13,034,431 àmì ìrírí jọ. Ìpele 92, tí ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó kù díẹ̀, jẹ́ 6,517,253, èyí tí kò ju ìdajì lọ bí kò ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀. Géèmù tó ń fi ìṣẹ́gun kíákíá fa ojú mọ́ra kò ní dán irú ìṣirò yìí wò. Síbẹ̀ òun gan-an ni ó so ènìyàn mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tó ti gun òkè dé ibẹ̀ mọ iye tí ó ná an, àwọn tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà náà sì mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìdìbò sí ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo ètò géèmù náà. Kí ohun tuntun tó wọlé, wọ́n máa ń bi àwọn òṣèré, tẹ́lẹ̀, ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ gbà á. Ní ọdún 2022 ni wọ́n sọ ọ́ di 70. Ní ọdún 2019 wọ́n gbé odidi iṣẹ́ tuntun kan tí wọ́n pè ní Warding wá, àwọn òṣèré kọ̀ ọ́, ó sì parí síbẹ̀. Ní ọdún 2023 wọ́n gbà kí iṣẹ́ atukọ̀ ojú omi, Sailing, wọlé, ó sì jáde ní ọdún 2025. Ìdìbò náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí àwọn àgbà inú géèmù lè fi ìbò sé ọ̀nà mọ́ ohun tí yóò mú iṣẹ́ rọrùn fún àwọn ọmọdé tó ń bọ̀, kìkì nítorí pé àwọn ti jìyà rẹ̀. A mọ irú wọn ní gbogbo ẹgbẹ́.

Fún àwa tí a wà ní Abẹ́òkúta, ohun méjì tún wà tó mú kí géèmù yìí ṣeé bá gbé. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ó ti wà lórí fóònù, àkáùntì kan náà ni ènìyàn sì ń lò lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ekejì ni pé kò yára: ẹ̀ẹ̀kan ní ìdá 0.6 ìṣẹ́jú-àáyá ni sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù náà ti ń ṣiṣẹ́, máa ń ka ohun tí a bá tẹ̀, nítorí náà bí sáfà tiẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí èmi wà ní Ìtòkù, ìfàsẹ́yìn kékeré kì í hàn nídìí igi. Nídìí ìjà, ó máa ń hàn. Bí òjò bá ṣú bo Olúmọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ, ẹni tó ń bá ẹranko ńlá jà lè kú kí iná nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó padà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2020, níbi púpọ̀, ẹrù òkú máa ń wà lójú oórì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí ó lè padà wá kó o.

Owó ni ó ń ṣòro. Ọ̀fẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fún ènìyàn ní iṣẹ́ 15, àmọ́ ibi tí géèmù ti dùn wà lẹ́yìn odi owó oṣooṣù. Nígbà tí àwọn báńkì kan dá káàdì náírà dúró láti ná owó sí òkè òkun ní ọdún 2022, tèmi náà wà lára wọn, mo sì rò pé ó parí fún mi. Bond ni ó yọ mí: ẹni tó bá ní owó gidi á rà á, á tà á fún góòlù inú géèmù ní ọjà Grand Exchange, ẹni tó bá sì fi góòlù rà á á fi gba ọjọ́ 14 lẹ́yìn odi owó yẹn. Igi ni mo ń tà láti fi rà á. N kò gbóríyìn fún un pátápátá, nítorí bí owó ọjà bond bá ti ń gòkè, eré á di iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe kí ó lè lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ṣe iṣẹ́ sí i. Mo mọ ẹni tí ó torí èyí kúrò.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ kò bínú kúrò. A jẹ́ mẹ́rin ní Pánṣẹ́kẹ́ nígbà náà. Ọ̀kan bí ìbejì, oorun sì ṣe pàtàkì fún un ju ẹja lọ. Ọ̀kan kàn dákẹ́. Ẹ̀kẹta wà ní Kánádà, bí ó bá ti wọlé lóru wa, a ó dúró sídìí igi kan náà, yóò sì máa bi mí iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà. A kì í jà, a kì í lọ sí ibi tó le. Àwọn ọmọ tó ń kọjá lè rò pé ẹ̀rọ ni wá.

Ẹni tó bá fẹ́ ìjà kíákíá àti àwòrán tó ń dán kò ní rí i níbí, n kò sì ní rọ̀ ọ́. Ẹni tó ní fóònù kékeré, dátà díẹ̀ àti iṣẹ́ kan tó fi í sílẹ̀ ní jíjókòó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó kí ó tó ronú owó.

Mo dé ìpele 92 nínú igi gígé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fi han àǹtí mi, wọ́n ní ó kù èló. Mo ní ìdajì. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo fóònù, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀ ná kí n wá bá àwọn ká àdìrẹ tó ti gbẹ.